Orúkọ Márùn-ún, Ìjókòó Márùn-ún

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, ẹ̀yin ará tí a jọ jókòó sórí iṣu nínú ọkọ̀ akẹ́rù Èkó yìí, n ó sì rọ́ ọ fún yín kí dẹ́rẹ́bà wa tó jẹun tán. Ẹ má wò mí bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ara mi le. Inú ló ń bí mi, ìbínú náà kò sì tíì rọlẹ̀, bí mo tilẹ̀ ti gbàdúrà lé e lórí lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo gbé sọ́kàn sùn. Ọmọ mi obìnrin, Ìbídùn, bímọ ní Èkó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀la ni ọjọ́ kẹjọ. Bàbá rẹ̀, ọkọ mi, ti sùn nínú Olúwa láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, ó fà mí mọ́ra lórí ibùsùn rẹ̀, ó fi orúkọ kan sí mi létí. Ó ní, "Ti ọmọ tí Ìbídùn bá kọ́kọ́ bí nìyí. Ìwọ ni kí o fi ẹnu ara rẹ pè é." Èmi nìkan ni mo mọ orúkọ náà láyé yìí. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í pe orúkọ ìkókó kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ tó mọ́. Nítorí náà, àfi kí n gbé ẹnu mi dé Èkó. Mo lọ béèrè iye owó ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ àná. Nígbà tí wọ́n dárúkọ owó náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo padà sílé, mo na ẹ̀yìn lórí ẹní. Ibẹ̀ ni àlá ti gbé mi.

Mo bá ara mi ní ibùdó rélùwéè kan tí n kò dé rí. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kò sí nílẹ̀. Ó léfòó sójú ọ̀run, lókè igi máńgòrò kan, wọ́n sì fi okùn so ó mọ́ ẹ̀ka igi náà kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Kò yà mí lẹ́nu. Mo wí lọ́kàn mi pé bí owó wọn ti ga tó yìí, ó yẹ kí ọ́fíìsì wọn náà ga. Mo fa okùn. Ọ́fíìsì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, akọ̀wé kan sì yọ orí lójú fèrèsé. Ọ̀gbẹ́ni Láńlẹ́hìn ni wọ́n kọ sí i láyà.

"Ẹ káàsán, Màmá. Níbo lẹ ń lọ?"

"Èkó ni, ọmọ mi. Mo fẹ́ lọ sọ ọmọ lórúkọ."

"Ẹ kú oríire o. Kí ni orúkọ yín?"

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo lọ. Wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ pé bí aláṣẹ bá béèrè orúkọ rẹ, kí o dìde, kí o ká ọwọ́ sẹ́yìn, kí o sì pe gbogbo rẹ̀ láìkù kan. Mo ká ọwọ́ sẹ́yìn. Mo ní, "Dèbórà, Mofólúwaṣọ́, Abíọ́nà, Àjíkẹ́, Ìyá Ìbídùn."

Ọ̀gbẹ́ni Láńlẹ́hìn ń fi ìka kà á. "Orúkọ márùn-ún," ó ní. "Ìjókòó márùn-ún."

"Báwo? Ìdí kan ṣoṣo ni mo ní."

"Màmá, ìdí kọ́ là ń gbé. Orúkọ là ń gbé. Ó di dandan kí olúkúlùkù ní ìjókòó tirẹ̀. Àbí ẹ fẹ́ kí Dèbórà gbé Àjíkẹ́ lé itan láti ibí dé Èkó?"

Mo rò ó wò, mo sì rí i pé kò ní rọrùn fún Dèbórà.

"Ọ̀rọ̀ Abíọ́nà tún wà níbẹ̀," ó ní. "Ojú ọ̀nà ni wọ́n bí i, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ìyẹn ni pé ó ti ń rìnrìn àjò láti ọjọ́ ìbí rẹ̀ láìjá tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Ọdún mélòó?"

"Méjìdínláàdọ́rin. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko ni ìyá mi ti bí mi, lábẹ́ igi ọsàn. Rélùwéè kò gba ibẹ̀ kọjá."

"Kò gba ibẹ̀ kọjá nígbà yẹn," ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "A kò bá yín wí sí ìyẹn."

Bí mo ti ń tú etí aṣọ mi láti yọ owó, pátákó tí wọ́n kọ iye owó sí wúkọ́. Ó ní, "Ẹ yára o, Màmá. Mò ń gòkè bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí." Mo wò ó. Lóòótọ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tí mo bá lójú rẹ̀ ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá.

"Kí ló ń lé ọ?" mo bi í.

"Kò sí ohun tó ń lé mi," pátákó ní. "Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn."

Inú bẹ̀rẹ̀ sí bí mi díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rántí pé ìdáhùn pẹ̀lẹ́ a máa yí ìbínú padà, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan láti ronú. Bẹ́ǹṣì náà mí kanlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má rajà lọ́wọ́ àkọ́rí. Ẹ lọ sí Ọ́fíìsì Ẹ̀dínwó. Inú iná iwájú ọkọ̀ ló wà." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti bá wòlíì sọ̀rọ̀ rí, ó sì ran wòlíì lọ́wọ́. Kí ni n ó wá máa bá bẹ́ǹṣì jiyàn sí?

Mo tẹ̀ ba, mo gba inú gíláàsì iná náà wọlé. Yàrá ńlá ni. Ọ̀gá Ẹ̀dínwó jókòó nídìí tábìlì, ó wọ kóòtù, ó so táì, ó ń jẹ ìwé àkọsílẹ̀ ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Kí n tó kúnlẹ̀ kí i, irùngbọ̀n ṣóńṣó ti yọ ní àgbọ̀n rẹ̀. Ìwo méjì tẹ̀ lé e. Etí rẹ̀ wá já bọ́ sílẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó di òbúkọ pátápátá, ṣùgbọ́n táì rẹ̀ ṣì tọ́. Wọ́n kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ ilé. N kò lè bá ènìyàn nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí n má kí i. Mo ní, "Ẹ kú ìdi-òbúkọ, sà."

"Ẹ ṣeun, Màmá," ó ní. "Gbogbo wa là ń dà á bí a bá ti gba ìgbéga dé ipele kẹtàlá. Kí ni mo lè ṣe fún yín?"

Mo ro ẹjọ́ mi. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ń mi orí. Ó wá ní, "Ẹ̀dínwó wà. Ìjọba òbúkọ kì í ṣe ìkà. Ẹ fi àwọn orúkọ tí ẹ kò nílò sílẹ̀ níbí. Orúkọ tí kò bá wọkọ̀ kò ní sanwó ọkọ̀."

"N ó rí wọn gbà padà?"

"Ẹ ó rí ìwé pé a gbà wọ́n."

Ẹ̀yin ará, ẹ má bú mi. Pátákó yẹn ń kígbe lóde pé òun ti di ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún, mo sì ń rí ìkókó yẹn lójú mi. Mo fi Dèbórà lélẹ̀ lórí tábìlì. Òbúkọ na ẹnu sí i, ó jẹ ẹ́ wọ̀mùwọ̀mù bí ewé ẹ̀pà. Lójú ẹsẹ̀, n kò rántí ohùn àlùfáà tí ó da omi sí mi lórí mọ́. Mo fi Mofólúwaṣọ́ lélẹ̀, èyí tí bàbá mi sọ mí. Ó jẹ ẹ́. Mo fi Abíọ́nà lélẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè lọ́wọ́ ẹsẹ̀ òsì pé ibo ni àwọn wà. Ó ku Àjíkẹ́. Ìyẹn ni ìyá mi fi ń jí mi ní ìdájí, tí yóò máa fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn títí oorun yóò fi dá lójú mi. Nígbà tí mo yọ ọ́, ẹ̀yìn mi tutù bí ìgbà tí ènìyàn bá sùn sórí símẹ́ǹtì. Òbúkọ wo orúkọ náà, ó ní, "Oríkì nìyí. Ó lọ́ràá." Ó sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú.

Nígbà yẹn ni inú bí mi gidi. Kì í ṣe pé ó jẹ ẹ́. Ó gùfẹ̀ ni.

Ìyá Ìbídùn nìkan ló kù mí kù. Wọ́n já tíkẹ́ẹ̀tì fún un, kíláàsì kẹrin. Tíkẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ ọmọlúàbí. Bí mo ti mú un lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, kí n má tàn yín o. Ẹ kò ní jókòó."

"N ó dúró títí dé Èkó?"

"Ẹ kò ní dúró náà."

Mo dé ìdí ọkọ̀, mo wá mọ ohun tí ó ń wí. Kíláàsì kìíní wà níwájú, tìmùtìmù aláwọ̀ pupa ni wọ́n tò síbẹ̀, wọ́n sì ń pín màlótì tútù. Lẹ́yìn pátápátá, níta, lórí òkúta, ni kíláàsì kẹrin wà. Àwa ni à ń ti ọkọ̀. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló wà níbẹ̀, wọ́n fi àyà ti irin, wọ́n sì di tíkẹ́ẹ̀tì mú léyín kí ó má baà bọ́. Kò sí ẹni tí ó lórúkọ ju ẹyọ kan lọ. Òmíràn kò tilẹ̀ ní. Obìnrin kan ń jẹ́ "Ìwọ." Mo fún ìró mi mọ́dìí, mo wá àyè, mo bá wọn tì í.

Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀rọ ọkọ̀ yìí ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ wà ní kíláàsì kìíní. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó ń sùn."

Bàbá arúgbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wọ dàńṣíkí funfun, òógùn ti bò ó. Mo ní, "Ẹ kú ìtìjú o, bàbá." Mo gbọ́ ohun tí mo sọ, mo tún un sọ: "Ẹ kú iṣẹ́ agbára. Kí ni orúkọ yín?"

"Ọjọ́ Kẹjọ," ó ní.

"Ọjọ́ kẹjọ ti ta ni?"

"Ti ìkókó kan ní Èkó. Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Ìbídùn."

Mo ní, "Ẹ̀yin ni wọ́n ń retí!"

"Wọ́n ń retí mi," ó ní, ó fi apá nu ojú. "Kí ni n ó ti ṣe é? Owó kíláàsì kìíní ju agbára mi lọ, ti kejì jù ú lọ, ti kẹta jù ú lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni mo ti ń ti ọkọ̀ yìí. A kò tíì kúrò lábẹ́ igi máńgòrò."

"Bí ẹ kò bá dé ńkọ́?"

"Ọjọ́ keje ni yóò máa jẹ́ lọ. Ọmọ náà yóò hu eyín, yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́, yóò gbéyàwó, wọn yóò ṣì máa pè é ní ìkókó. Mo ti rí i rí. Bàbá kan wà ní ìdílé kan tí ó kú ní ẹni ọgọ́rin ọdún, 'Ìkókó' ni wọ́n kọ sí ibojì rẹ̀."

Mo fi gbogbo agbára mi tì í. Mo ń kọ orin ìjọ lábẹ́ ahọ́n kí n má baà sọ̀rọ̀ òdì. Ìgbà náà ni mo gbọ́ pátákò lórí òrùlé ọkọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Láńlẹ́hìn ni, òun náà ti di òbúkọ, Ọ̀gá Ẹ̀dínwó sì tẹ̀ lé e. Láńlẹ́hìn fò kalẹ̀ síwájú mi, ó gbé imú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ń gbóòórùn.

"Màmá," ó ní, "orúkọ kan wà lẹ́nu yín tí kò já tíkẹ́ẹ̀tì."

Mo pa ẹnu dé. Mo mi orí.

"Ẹ pè é kí a gbọ́."

Mo mi orí.

Ọ̀gá Ẹ̀dínwó wá súnmọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ran mi. "Màmá, ẹ má jẹ́ kí a fa ọ̀rọ̀ gùn. Orúkọ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè, ó dùn ju ìtàkùn ọ̀dùnkún lọ. Ẹ gbé e fún wa. Kíláàsì kìíní lẹ ó jókòó. Ẹ ó mu màlótì. Àwọn mẹ́rin yẹn, a ó pọ̀ wọ́n fún yín padà, títí kan Àjíkẹ́. Ẹ ó dé Èkó kí ọbẹ̀ tó jinná. Ẹ kàn lè sọ fún wọn níbẹ̀ pé ẹ ti gbàgbé. Àgbà a máa gbàgbé."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ níwájú Ọlọ́run. Mo rò ó. Ẹ̀yìn mi ṣì tutù. Mo rí ara mi lórí tìmùtìmù pupa, tí ìyá mi ń pè mí. Ṣùgbọ́n mo tún rí ọkọ mi lórí ibùsùn, bí èémí rẹ̀ ti kúrú tó, tí ó sì ná èyí tí ó kù nínú rẹ̀ sórí orúkọ náà.

Mo ní, "Ẹ̀yin òbúkọ! Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ṣùgbọ́n òbúkọ ni yín, kóòtù kò sọ yín di nǹkan mìíràn! Ẹ ní orúkọ mi pọ̀, mo gbà. Ẹ jẹ èyí tí bàbá mi sọ mí, ẹ jẹ èyí tí ìyá mi fi kẹ́ mi, ẹ tún gùfẹ̀ sí mi lójú. Ẹ gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ wá ní kí èmi fúnra mi máa ti ọkọ̀! Mo tì í. Mo ní sùúrù dára. Ṣé sùúrù wa lẹ wá ń fi ṣe epo ọkọ̀? Orúkọ yìí kì í ṣe tèmi tí mo lè tà. Òkú ló fi rán mi, ọmọ tuntun ló ni ín. Ẹni tí ó dá wa mọ orúkọ wa láti inú oyún wá, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ta ni ẹ̀yin?"

Láńlẹ́hìn ní, "Màmá, ẹ rọra. Ẹ̀rọ ń sùn."

"Kí ó máa sùn!" Mo yọ àyà mi kúrò lára irin. Mo na ọwọ́ sí bàbá arúgbó yẹn. "Ẹ jẹ́ ká lọ, Ọjọ́ Kẹjọ. Ẹsẹ̀ la ó fi rìn."

Ó wò mí. "Ẹsẹ̀ wo? Ó jìnnà, Màmá."

"Kò sí bí a ṣe lè pẹ́. Ẹ̀yin gan-an ni ọjọ́ náà. Níbi tí ẹ bá dé, ibẹ̀ ni ilẹ̀ rẹ̀ yóò ti mọ́."

"Mo ti ń ti ọkọ̀ yìí láti ọjọ́ yìí wá," ó ní, "kò sí ẹni tí ó sọ ìyẹn fún mi." Ó yọwọ́. Obìnrin tí ń jẹ́ Ìwọ yọwọ́. Ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, gbogbo kíláàsì kẹrin yọwọ́ kúrò, wọ́n sì tu tíkẹ́ẹ̀tì dà sílẹ̀. Ọkọ̀ náà, tí kò tíì lọ sí ibìkankan tẹ́lẹ̀, dúró. Àwọn tí ó wà lórí tìmùtìmù yọ orí, wọ́n ní, "Kí ló dé? Kí ló dé?" Òbúkọ méjèèjì fi ìwo ti ìdí ọkọ̀, wọ́n ń ké mẹ̀ẹ́-mẹ̀ẹ́, kò mira.

Pátákó owó wá ń sá tẹ̀ lé wa lórí ẹsẹ̀ igi rẹ̀ méjì. "Mo ti sọ̀ kalẹ̀ o!" ó ń pariwo. "Ẹgbẹ̀rún kan! Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta! Ẹ yà sọ́dọ̀ mi, ẹ̀yin ìyá, kí lẹ fẹ́ san?" A kò wẹ̀yìn.

A rìn. Inú ṣì ń bí mi, ìbínú náà sì ń gbé ẹsẹ̀ mi. Ibi tí Ọjọ́ Kẹjọ bá gbẹ́sẹ̀ lé, ìmọ́lẹ̀ a là níbẹ̀, àkùkọ kan a sì kọ láti inú igbó. A dé ẹnu ọ̀nà Ìbídùn. Wọ́n ti gbé omi sínú àwo, wọ́n ti gbé oyin àti iyọ̀ kalẹ̀. Ìbídùn rí wa, ó bú sẹ́kún, ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Ó fúyẹ́, ó gbóná. Mo tẹ ẹnu mọ́ ọn létí. Mo la ẹnu mi.

Fóònù mi dún.

Mo tají lórí ẹní, ọwọ́ mi ká sí àyà. Ọkọ Ìbídùn ni ó ń pè, ọmọ dáadáa tí kì í sọ̀rọ̀ líle sí mi. Ó ní, "Màmá, ẹ káàsán, mà. A gbọ́ bí owó ọkọ̀ ojú irin ṣe wọ́n tó. A kò fẹ́ kí ẹ pa ara yín. Ẹni tí ó ń bá wa tẹ ìwé ètò ìsọmọlórúkọ ló wà níwájú mi yìí, ó fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kàn bá mi pe orúkọ tí ẹ fẹ́ fún ọmọ sórí fóònù báyìí, kí ó fi sí i."

Mo jókòó. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń hó lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ tí atẹ̀wé náà ń bi í pé kí ni Màmá wí. Ètè mi ti ṣí sílẹ̀ fún orúkọ náà láti ojú oorun. Mo pa á dé.

"Bàbá Ìkókó," mo ní, "ẹ sọ fún un kí ó fi àyè sílẹ̀. Mò ń bọ̀."